Ibùdókọ̀ Làtíìfù

Peckham, London
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá, 2023

Màámi,

Bí ó bá jẹ́ àárọ̀ ni lẹ́tà yìí bá yín, ẹ kú àárọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán, ẹ kú ọ̀sán, ẹ wá ibi tó tutù jókòó sí kí ẹ tó máa kà á. Ara mi le. Ara Rahmah ọmọ ọmọ yín náà le, àfi pé ó ti ga jù mí lọ, ó wá ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé mi lórí bí ẹni fara ti ògiri. Mo kúnlẹ̀ kí yín lórí kápẹ́ẹ̀tì níbí.

Ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́jọ tí Dádì Rahmah ti fi wá sílẹ̀. Mo ń palẹ̀ dúrọ́ọ̀ rẹ̀ mọ́ ni mo rí àpòòwé mẹ́rìnlá tí ó ti kọ orúkọ yín àti àdírẹ́sì Òde-Àràbà sí lára sílẹ̀, kí oṣù má baà bá a lójijì. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ó fi ń kọ̀wé sí yín lóṣooṣù, kò sì gbà kí fóònù rọ́pò rẹ̀. Ó ní fóònù máa ń gé yín lẹ́nu. Màámi, n kò lè da àpòòwé tí orúkọ yín wà lára rẹ̀ nù. Nítorí náà èmi ni n óo máa kọ ọ́ báyìí. Ẹ fojú fo àṣìkọ mi. Ẹ mọ̀ pé ìwé mi kò jìn bíi tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì rèé. Ọdún rẹ̀ ń bọ̀ nínú oṣù Kejì. Àwọn ìyá mọ́sálásí wa ní kí n ṣe sàárà tí kì í tán fún un, irú èyí tí òkú ń jẹ èrè rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí àwọn alààyè bá ṣì ń lò ó. Gbogbo wọn ló ní kànga ẹ̀rọ ni kí n gbẹ́. Mo dáhùn pé ó dára. Ṣùgbọ́n lánàá, mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ láti Deptford, òjò dé, mo sá wọ abẹ́ ibùdókọ̀. Èèyàn méje la wà níbẹ̀, a ò mọ ara wa, gbogbo wa sì gbẹ. Mo kàn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sún kúrò díẹ̀.

Màámi, ọkọ mi wa bọ́ọ̀sì nọ́ńbà 197 láti Peckham gba Forest Hill lọ sí Croydon fún ọdún méjìlélógún. Kí ló pa òun àti kànga pọ̀? Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ibùdókọ̀ fún un ní Òde-Àràbà, níwájú ilé yín, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dúró de ọkọ̀ Kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ní àwọn á ràn mí lọ́wọ́.

Ẹ bá mi kí Akọ̀wé, àbúrò ọkọ mi. Wọ́n ti di ọ̀gá ní ọ́fíìsì iṣẹ́ òde ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì, ṣùgbọ́n Akọ̀wé tí mo sọ wọ́n lọ́jọ́ tí mo wọlé yín náà ni n óo máa pè wọ́n.

Èmi ìyàwó yín,
Mìsítúrà


Ilé Alágbàlá, Òde-Àràbà
Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù Kẹwàá, 2023

Ìyàwó mi Mìsítúrà,

Mo kí ọ, mo kí ọmọ mi Rahmah tí ó ń dàgbà láìgba àṣẹ. Nígbà tí Abdulqoyyum àbúrò ọkọ rẹ na àpòòwé rẹ sí mi, ìkọ̀wé ọmọ mi ni mo rí lára rẹ̀. Mo gbàgbé. Mo ní, "Ẹ ò rí i, ó pẹ́ kó tó kọ̀wé lóṣù yìí." Abdulqoyyum rọra bá mi ṣí i. Lẹ́yìn náà ni mo rántí. Má ṣe jẹ́ kí èyí bà ọ́ lọ́kàn jẹ́ o, ó dùn mọ́ mi ju bí ó ṣe dùn mí lọ. Máa lò wọ́n.

Mo jókòó gẹ́gẹ́ bí o ti wí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo jókòó! Ibùdókọ̀? Ta ló ń fi ibùdókọ̀ ṣe sàárà? Mo ka lẹ́tà náà fún Abdulqoyyum, tí ìwọ ń pè ní Akọ̀wé. Ó ní, "Màámi, ẹ tún un kà." Mo tún un kà. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó ní, "Ìyàwó wa ti pẹ́ lókè òkun."

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní mọ́sálásí náà ń retí kànga. Mìsítúrà, kànga ẹ̀rọ mọ́kànlá ló wà ní ìlú yìí, orúkọ òkú ló wà lára gbogbo wọn, mẹ́rin péré ló sì ń mú omi jáde. Bí ènìyàn bá gbé garawa, tí ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ Alhaji, o ò ní mọ̀ bóyá Alhaji tó wà láyé ni tàbí èyí tó ti di ẹnu ẹ̀rọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Kọ́lẹ́ẹ̀jì wá ni Òde-Àràbà ti ń pe ara rẹ̀ ní ìlú ńlá. A ní títì ọlọ́dà kan. A ní oríta kan tí ọkọ̀ ń yí po, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ ìwé tí ó ṣí sílẹ̀ sí àárín rẹ̀, àwọn adìyẹ sì ń yé sí ojú ewé ẹ̀. A ní iná ojú títì mẹ́fà tí ó wúlò fún àdán. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ti di ti ewúrẹ́, ìyẹn ni mo ṣe ń fi lẹ́tà rán àwọn tó ń rìnrìn-àjò.

Bí mo ṣe ń bínú lọ báyìí ni òjò bẹ̀rẹ̀. Mo wá yọjú lójú fèrèsé. Mo rí àwọn ọmọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì lójú títì, wọ́n gbé ìwé sábẹ́ ẹ̀wù, ara wọn rin gbinrin. Mo rí Làtíìfù ọmọ mi láàárín wọn. Ṣé o mọ̀ pé báyìí ni òun náà ṣe máa ń dúró? Máìlì mẹ́rin ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí ilé wa. Á bọ́ aṣọ bo ìwé, á wá dúró ní ìhòòhò àyà. Mo máa ń pariwo láti ojú fèrèsé kan náà pé, "Òtútù á mú ọ!" Òun á dáhùn pé, "Èmi ni yóò mú, Màámi, kì í ṣe ìwé!"

Kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ gàdàgbà, kí bẹ́ǹṣì ibẹ̀ sì ní ìfẹ̀yìntì, nítorí pé èmi gan-an yóò máa jókòó níbẹ̀. Ọmọ mi ṣèlérí fún mi pé bí òun bá ṣíwọ́ iṣẹ́, òun yóò ra bọ́ọ̀sì tòun, yóò gbé mi jókòó síwájú, yóò wà mí gba àárín ìlú yìí kọjá kí gbogbo ayé rí i. Mo tilẹ̀ ti mú aṣọ tí n óo wọ̀. Gbogbo ọdún tó fi gbé èèyàn kiri London, n kò wọ ọkọ̀ tí ó wà rí. Ó kù bẹ́ẹ̀.

Ìyá ọkọ rẹ,
Àsúmáù


Peckham
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kọkànlá, 2023

Màámi mi àtàtà,

Ẹ kú ìfẹ́ o! Ẹ kú àforíjì! Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti ní "Kọ́ ọ", mo fò sókè nínú kíṣìnnì tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ wa fi igi ìgbálẹ̀ gbá àjà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Rahmah ní, "Mummy, what is wrong with you?" Mo ní kò sí, bàbá rẹ ń kọ́lé.

Ẹ rántí Asher, òyìnbó tí òun àti Dádì Rahmah jọ máa ń ṣe ṣífítì àárọ̀. Òun ló bá mi ya àwòrán. Ó gbé tépù jáde, a jọ lọ wọn ibùdókọ̀ kan ní Rye Lane, gíga rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀, bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ibi tí a ti ń wọ̀n ọ́n ni ìyá àgbà òyìnbó kan ti dé, tó rò pé káńsù ló rán wa wá láti wú u. Màámi, ìyá yìí dì mọ́ òpó! Ó ní bí wọ́n bá máa mú un lọ, kí wọ́n mú òun náà. Asher ṣàlàyé títí, ìyá náà kò gbà á gbọ́, ó dúró tì wá títí a fi wọ̀n ọ́n tán.

Àwòrán náà wà nínú àpòòwé yìí. Ẹ gbé e fún Dáramọ́lá, wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́bàá ọjà. Irin nínípọn ni kí ó lò, kí páànù òrùlé rẹ̀ nà jáde dáadáa, kí ó sì gbé iná tó ń gba agbára oòrùn sí i. Bẹ́ǹṣì yín ní ìfẹ̀yìntì, mo ti fi pẹ́ńsìlì fa á nípọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí. Bí ènìyàn bá dojú kọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọwọ́ òsì títì ni kí wọ́n kọ́ ọ sí. Ọwọ́ òsì. Mo ti fi bírò pupa fa ìlà sí i lẹ́ẹ̀mejì. Kí Dáramọ́lá má fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un o. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ẹ fi sílẹ̀ fún ìdílé wa.

Mìsítúrà yín


Òde-Àràbà
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kejì, 2024

Mìsítúrà, ìyàwó tó mọ iṣẹ́,

Mo kí ọ títí ẹnu ń ro mí. Ó ti dúró! Ó ti dúró sójú títì, ó sì rẹwà bí ìyàwó tuntun. Dáramọ́lá kùn ún ní pupa bíi bọ́ọ̀sì yín. Ó kọ ọ́ sórí pátákó funfun níwájú rẹ̀ pé IBÙDÓKỌ̀ LÀTÍÌFÙ, AWAKỌ̀. Lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó lọ, tó pé ọdún kan, ni a ṣí i. A kéwú, a ṣàdúà, a pín àkàrà. Ọ̀gá Kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹ́ gé rìbọ́ọ̀nù, àlùmọ́gàjí kò mú. Ó gé e títí, ó fi eyín fà á já. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún eyín rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ jókòó. Ìfẹ̀yìntì bẹ́ǹṣì náà gba ẹ̀yìn mi bí ẹni pé ẹ̀yìn mi ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Láti ìgbà náà, ìlú ti gbàgbé ọ̀rọ̀ kànga. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kàwé níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ nítorí iná oòrùn. Àwọn ìyàwó ilé ń ṣa ẹ̀wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn àgbà mọ́sálásí ti sọ ọ́ di ilé ìgbìmọ̀. Bàbá kan ń ti abúlé kejì wá lójoojúmọ́, ó jókòó, kò lọ síbi kankan, nígbà tó bá di Àsárì ó padà sílé. Mo bi í léèrè. Ó ní òun kò tíì jókòó sí irú ibi báyìí rí láìjẹ́ pé ẹnì kan bi òun pé kí lòun ń wá.

Ohun kan ṣoṣo ni kò yé mi. Bí ọkọ̀ Kọ́lẹ́ẹ̀jì bá dé, òdìkejì títì ló ń dúró sí. Gbogbo àwọn tó jókòó á wá dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á ká aṣọ, wọ́n á sáré kọjá títì bí adìyẹ tí àṣá lé. Ṣé báyìí náà ni ẹ̀yin ń ṣe ní London? Ṣé eré ìmárale ni wọ́n fi kún un? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kọ̀wé sí mi kí n lè ṣàlàyé fáwọn ènìyàn, nítorí wọ́n ń bi mí.

Ìyá ọkọ rẹ tí inú rẹ̀ dùn,
Àsúmáù


Peckham
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta, 2024

Màámi,

Ẹ kú oríire! Mo ka lẹ́tà yín fún gbogbo àwọn awakọ̀ ní gáréèjì, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. Nígbà tí mo dé ibi eyín ọ̀gá Kọ́lẹ́ẹ̀jì, Asher rẹ́rìn-ín títí tíì tó ń mu fi gba imú rẹ̀ jáde.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sáré yìí bí mi nínú díẹ̀. Awakọ̀ Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni kò kọ́ṣẹ́! Ibùdókọ̀ wà níbí, òun wá lọ dúró sí ibòmíràn! Ẹ ní kí Akọ̀wé bá a sọ̀rọ̀. Ìwà wa náà ni, Màámi: ẹni tí wọ́n bá kọ́ ohun rere fún, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò gbà. Níbí, ibi tí òpó bá wà ni ọkọ̀ ń dúró.

Kí ó tó yé e, ẹ ní kí wọ́n kun ìlà funfun gbọọrọ gbọọrọ sójú títì níwájú ibùdókọ̀ náà. Bí ẹlẹ́sẹ̀ bá ti tẹ ìlà funfun, gbogbo ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ dúró fún un. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ààwẹ̀ ń bọ̀. Ọlọ́run á jẹ́ ká gbà á láyọ̀.

Mìsítúrà yín


Òde-Àràbà
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin, 2024

Mìsítúrà,

Mo kí ọ. Ẹnu ààwẹ̀ ni mo fi ń kọ èyí, n kò ní jẹ́ kó gùn.

A kun ìlà funfun. Àwọn ewúrẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ kó wá sùn sórí rẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ rò pé ọ̀ṣọ́ ọdún ni, wọ́n ń sáré kọjá lórí rẹ̀, wọ́n ń juwọ́ sí mi. Ní Ọjọ́rú tó kọjá, ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Tèmi, tó wà lọ́dún kejì ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì, ń sáré kọjá lọ bá ọkọ̀. Ọ̀kadà kọlù ú. Bàtà rẹ̀ já, orúnkún rẹ̀ bó. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ojú mi ló ṣe, mo wà lórí bẹ́ǹṣì.

Lọ́jọ́ kejì ni àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì iṣẹ́ òde ìjọba ìbílẹ̀ dé pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Wọ́n fa àmì àgbélébùú gàgàrà sí i lára, sórí orúkọ ọmọ mi gan-an. Wọ́n ní kí ó tó di òpin oṣù yìí, kí a ti wó o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn yóò fi katakata wó o.

Àwọn ènìyàn ti ń sọ ọ́ pé kànga kì í pa èèyàn. Mìsítúrà, sàárà ni a pè é. A ní kí èrè rẹ̀ máa bá a níbi tí ó wà. Bí ọmọ ọlọ́mọ bá kú síbẹ̀ ńkọ́? Kí ni yóò máa bá a nígbà náà?

Mo ń lọ jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́. Bí katakata bá dé, á bá mi.

Àsúmáù


Peckham
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹrin, 2024

Màámi, ẹ dárí jì mí,

Mo kúnlẹ̀, mi ò ní dìde títí ẹ ó fi ka èyí tán. Ẹnì kan tó ń wọ bàálù lọ́la ni mo fi rán, mo ní kí ó gbé e fún yín lọ́wọ́ sí ọwọ́.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun yídì, èmi àti Rahmah wọ nọ́ńbà 197, bọ́ọ̀sì bàbá rẹ̀, a gòkè lọ jókòó síwájú pátápátá níbi tó fẹ́ràn. Lẹ́tà yín wà lọ́wọ́ mi, mo ń sunkún, mo sì ń bú awakọ̀ Kọ́lẹ́ẹ̀jì. Rahmah ń wo fótò ibùdókọ̀ náà nínú fóònù, èyí tí Akọ̀wé fi ránṣẹ́.

Ó ní, "Mummy, hold on. Ọkọ̀ tó ń lọ sí college, which side ló wà?"

Mo ní, "Òdìkejì! Ohun tí mo ń wí náà nìyẹn!"

Ó ní, "Mummy. Wọ́n ń drive on the right ní Nigeria now. Ẹ ò mọ̀ ni?"

Mo ní, "Ta ni kò mọ̀?"

Ó ní, "Ẹ̀yin."

Màámi, mo wo ojú títì Peckham níwájú wa. Mo wo bọ́ọ̀sì tí à ń gùn, ọwọ́ òsì ló ń gbà, bí ó ti ń gbà á láti ọjọ́ tí mo ti dé. Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì. Mo wá figbe ta pé "Yéè!" tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn bi wá látìsàlẹ̀ bóyá à ń ṣàìsàn. Ẹ̀rín kọ́kọ́ gbé mi, Rahmah náà ń rẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú. Nígbà tí a dé Forest Hill, mo rí i pé ẹkún ni èmi ń sun ní tèmi.

Ọwọ́ ọ̀tún ni, Màámi. Ọwọ́ ọ̀tún! Wọ́n bí mi síbẹ̀, mo dàgbà níbẹ̀, mo sì gbàgbé apá ibi tí ọkọ̀ ìlú mi ń gbà. Èmi tí mo fi bírò pupa fa ìlà lẹ́ẹ̀mejì. Èmi tí mo ní ìwà wa ni. Ẹ má bá Dáramọ́lá wí, ẹ má bá awakọ̀ wí. Ẹ ka lẹ́tà yìí sí etí gbogbo ìlú lábẹ́ ibùdókọ̀ náà, kí wọ́n mọ̀ pé ìyàwó Làtíìfù ló ṣì í, kì í ṣe òun. Ẹ bá mi bẹ Tèmi. Bàtà tuntun rẹ̀ wà nínú ẹrù tí mo fi rán ẹni yìí. Mo mú oríṣi méjì tí ìwọ̀n wọn yàtọ̀ síra torí mi ò mọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bí ó bá di dandan kí wọ́n wó o, kí wọ́n wó o. Ṣùgbọ́n ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára rẹ̀ ná.

Mìsítúrà


Peckham
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Karùn-ún, 2024

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò rí èsì. Òpin oṣù ti kọjá. Mo pe Akọ̀wé, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, Màámi ní kí n má sọ nǹkan kan, àwọn fúnra wọn ń kọ̀wé." Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti wó o. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ irú ẹ̀rín tó jẹ́. Màámi, ṣé ẹ ṣì ń bínú sí mi ni? Ẹ bú mi, kí n lè mọ̀. Àpòòwé rẹ̀ ti ń tán lọ. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ ni n óo máa fi èyí tó kù ránṣẹ́ sí.

Mìsítúrà yín


Òde-Àràbà
Ogúnjọ́, oṣù Karùn-ún, 2024

Ìyàwó mi ọ̀wọ́n, dìde lórí ìkúnlẹ̀,

Orúnkún rẹ á ti bó bíi ti Tèmi. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n kọ̀wé, kì í ṣe ìbínú. Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ kí n tó ròyìn. Nígbà tí mo gbé àwòrán rẹ fún Dáramọ́lá lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ó wò ó, ó gbé orí, ó ní, "Ìyá, ọwọ́ òsì kọ́ ni ọkọ̀ Kọ́lẹ́ẹ̀jì ń gbà o." Mo ní, "Ṣé ìwọ ti dé London rí?" Ó ní rárá. Mo ní, "Ìyàwó ọmọ mi ń gbé láàárín bọ́ọ̀sì. Ṣe bí wọ́n ti kọ ọ́." Ó ṣe é. Mo mọ̀, Mìsítúrà. Láti ọjọ́ tí àwọn ọmọ ti ń sáré ni mo ti mọ̀. Mo wá ń bi ọ́ nípa eré ìmárale bí ẹni pé n kò mọ nǹkan kan. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ohun kan wọ́ nínú sàárà Làtíìfù.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, tí o gbé gbogbo ẹ̀bi lé orí ara rẹ, ara mi kò gbà á. Ní Sátidé tó ṣáájú òpin oṣù, mo pe ìlú sábẹ́ ibùdókọ̀. Mo kà á sókè. Nígbà tí mo dé ibi "Ta ni kò mọ̀? Ẹ̀yin", wọ́n rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá abúlé kejì ṣubú lórí bẹ́ǹṣì. Mo wá jẹ́wọ́ tèmi. Dáramọ́lá na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń jó, ó ní, "Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń pè mí ní wẹ́dà òsì!"

Ìlú ní kí a gbé e sọdá sí ọwọ́ ọ̀tún dípò kí wọ́n wó o, ṣùgbọ́n Abdulqoyyum ní ẹ̀rọ tó lè gbé irú irin bẹ́ẹ̀ kò sí ní ìlú yìí, bí wọ́n bá sì gé e wẹ́wẹ́, kò ní í tò mọ́. Mo ní, "Nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun, tí bàbá yín fẹ́ kó kúrò ní ilé àtijọ́, báwo la ṣe gbé òrùlé koríko wa?" Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Odidi ni a gbé e. Ẹgbẹ́ àáró yí i ká, wọ́n ki orí bọ abẹ́ rẹ̀, òrùlé sì ń rìn lọ lójú ọ̀nà bí ìjàpá. Tèmi, tó wọ bàtà rẹ, ó ní èyí pupa ló bá òun mu, fò dìde ó ní, "Ìyá, èèyàn mélòó lẹ fẹ́?" Ó kọjú sí ọ̀nà Kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó fi fóònù pè wọ́n. Kó tó di ìrun ọ̀sán, àwọn ọmọ tó wá lé ní ọgọ́rin.

Dáramọ́lá ti da sìmẹ́ǹtì sí ọwọ́ ọ̀tún láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ó kàn ń dúró de àṣẹ ni. Ó gé ẹsẹ̀ irin náà nílẹ̀. Abdulqoyyum dá ọkọ̀ dúró lápá méjèèjì, ó wọ tàì. Gbogbo wọn yí i ká, wọ́n dì í mú. Abdulqoyyum ní, "Màámi, ẹ bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì."

Mo ní, "N kò bọ́."

"Màámi, a fẹ́ gbé e."

"Ẹ gbé e. Ta ló dí yín lọ́wọ́?"

"Màámi, ẹ ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún!"

"Ìdí tí n kò ṣe lè dúró de bọ́ọ̀sì mìíràn nìyẹn."

Ó wo ojú mi. Ó wo aṣọ tó wà lọ́rùn mi. Àrán aláwọ̀ ewé tí mo ti mú sílẹ̀ fún ọjọ́ Làtíìfù ni. Ọmọ náà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi tàì nu gíláàsì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pariwo pé, "Ẹ̀yin ọmọ, èrò wà nínú ọkọ̀! Ẹ rọra!"

Wọ́n gbé e. Mìsítúrà, ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀! Wọ́n ń kọrin, Tèmi ló ń dá a:

*Ẹ rọra gbé e o,*
*ìyá awakọ̀ ń bẹ nínú ọkọ̀,*
*ọwọ́ òsì kọ́ o,*
*ọwọ́ ọ̀tún la ń lọ.*

Ó mì mí síbí, ó mì mí sọ́hùn-ún. Ewúrẹ́ sá kúrò lórí ìlà funfun. Àwọn ọlọ́kọ̀ tó dúró ń tẹ fèrè. Mo fi ẹ̀yìn ti bẹ́ǹṣì ọmọ mi, mo gbé ọwọ́ sókè, mo ń kí ìlú lápá ọ̀tún, mo ń kí i lápá òsì bí ìyàwó gómìnà. Gbogbo ayé rí i. Títì náà kò fẹ̀ ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Ó tó mi. Ó gbé mi gba àárín ìlú kọjá, bí ó ti wí.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ti wá, wọ́n ti fi ọ̀dà funfun pa àmì wọn rẹ́, Dáramọ́lá sì ti tún orúkọ rẹ̀ kọ. N kò fẹ́ kọ ìdajì ìròyìn sí ọ, ni mo ṣe dúró kí gbogbo rẹ̀ parí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ jù ni èyí. Lọ́jọ́ náà, bí wọ́n ṣe gbé wa kalẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì tuntun, tí eruku kò tíì rọlẹ̀, ọkọ̀ Kọ́lẹ́ẹ̀jì yọ. Ó rọra wá, ó dúró gẹ́rẹ́ níwájú mi, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sáré. Awakọ̀ ṣí ilẹ̀kùn. Ó yọjú, ó rí mi pẹ̀lú àrán mi, èmi nìkan lórí bẹ́ǹṣì.

Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ̀ ń lọ ni?"

Mo ní, "Rárá, ọmọ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ọmọ mi ló gbé mi wá."

Ìyá ọkọ rẹ,
Àsúmáù